Tan Iná Rẹ Kí Adìẹ Tó Wọlé

Kabba,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Tọ́pẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun àjò, okun ilé tuntun. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ dáadáa ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, nítorí ó mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ara gbogbo wa le. Àgbàdo tí a gbìn sẹ́yìn ilé ti yọmọ, ewúrẹ́ aládùúgbò wa sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa.

Lọ́jọ́ Ẹtì, o fi àwòrán iná kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ránṣẹ́ sórí fóònù mi, o ní, "Bàbá, ẹ bá mi mú ọ̀kan níbẹ̀." N kò dá ọ lóhùn. O tún béèrè lálẹ́, mo kàn kọ ọ́ pé a ó máa sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó yà ọ́ lẹ́nu. Èmi tí o mọ̀, bí o bá béèrè irú ọṣẹ tí wàá fi fọṣọ, mo máa ń ní èsì tó gùn ju ìwàásù ọjọ́ Àjíǹde lọ. Ṣùgbọ́n èyí kò ṣeé tẹ̀ sórí fóònù. Àtàǹpàkò mi kò yá, ọ̀rọ̀ náà sì pọ̀ nínú mi. Ìdí nìyí tí mo fi wá bébà àti bírò lẹ́yìn ìsìn òní, tí mo sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kí ó má pè mí jẹun títí n ó fi kọ ọ́ tán.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tí o rí. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn tí kò bi mí, pé ọmọ mi ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá Aiyetoro-Gbede. Nígbà tí o ní ìwọ kò ní máa dúró de ọlọ́kadà, pé kẹ̀kẹ́ ni wàá máa gùn láti ilé rẹ ní Aiyetoro lọ sí abúlé tí ilé ìwòsàn náà wà, ìyá rẹ figbe ta. Ó ní ṣé torí kẹ̀kẹ́ ni a ṣe rán ọ nílé ẹ̀kọ́ gíga. Èmi ni mo gbè ọ́ lẹ́yìn. Mo ní kẹ̀kẹ́ kì í mu epo, kì í sì í bínú sí ẹni tó gùn ún. N kò kábàámọ̀ pé mo gbè ọ́ lẹ́yìn. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kan náà, o sọ gbólóhùn kan tí ó wọ̀ mí létí tí kò sì jáde mọ́. O ní, "Bàbá, ẹ má fòyà, mo máa ń délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Oòrùn á kàn ti wọ̀ ni."

Ọmọ mi, àárín ìgbà tí oòrùn wọ̀ àti ìgbà tí ilẹ̀ ṣú yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ibẹ̀ ni mo ti ba ayé ènìyàn kan jẹ́.

O mọ ẹsẹ̀ bàbá rẹ kékeré, Dáre, àbúrò mi. O dàgbà bá ìró ọ̀pá rẹ̀ ni. Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń fi igi rìn kiri àgbàlá, o ní ò ń ṣe bíi Bàbá Dáre, òun fúnra rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé ọkọ̀ ló gbá a nígbà tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti oko. Gbogbo ilé ló mọ ìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó kúrò lóko, èmi àti òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, a kò sì sọ ọ́ láàárín ara wa rí títí di àná.

Nínú ilé bàbá wa, òfin kan wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tan fìtílà títí adìẹ yóò fi wọlé tán. Ilẹ̀ lè máa ṣú bọ̀, ìyá wa lè máa fi ọwọ́ wá òkúta nínú ẹ̀wà nítorí pé kò ríran mọ́, bí adìẹ kan bá ṣì ń jẹ̀ nínú àgbàlá, ojúmọmọ ni. Bàbá wa á lọ dúró sẹ́nu ilé adìẹ, á bẹ̀rẹ̀, á wò ó, lẹ́yìn náà ni á tó ní, "Wọ́n ti wọlé. Ẹ tanná." Epo kẹrosíìnì ṣọ̀wọ́n nígbà náà, òfin náà sì gba ilé wa lọ́wọ́ òkùnkùn ọ̀pọ̀ òru. N kò bá bàbá wa wí. Èmi ni àkọ́bí, mo sì ti jogún òfin yẹn kí n tó jogún oko. Ẹnikẹ́ni tó bá tanná kí ilẹ̀ tó ṣú, mo máa ń wò ó bí ẹni tó ń da oúnjẹ nù.

Iṣẹ́ káfíńtà ni Dáre ń ṣe. Kì í ṣe káfíńtà oníjókòó o, òrùlé ló ń kàn. Ó máa ń rìn lórí igi àjà bí ẹni ń rìn nínú yàrá rẹ̀. Ó lọ kan ilé kan ní Lọ́kọ́ja, nígbà tó sì ń bọ̀, ó ra iná pupa kékeré kan wá, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Bátìrì méjì ló ń jẹ. Kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ ní àdúgbò wa, inú rẹ̀ sì dùn sí i débi pé bí oòrùn bá ti rọ̀ díẹ̀, á ti tan án. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń bi í pé ṣé wọ́n ti fi jẹ ọlọ́pàá ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, a wà ní oko wa lápá ọ̀nà Ayewa. A ń wa iṣu. Dáre fẹ́ tètè lọ nítorí ìgbáradì orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó rọra so iná náà sábẹ́ rẹ̀ kí ẹrù má bàa bò ó. Ó tan án. Mo bá a di kẹ̀kẹ́ mú kó lè gùn ún. Bí mo ṣe dì í mú, mo na ọwọ́ mi kejì sẹ́yìn, mo pa iná náà.

Mo ní, "Adìẹ ò tíì wọlé, o ti ń tanná. Ta ni ń ra bátìrì fún ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́." Ó sì lọ.

Wọ́n ní ohun tí àgbàlagbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i. Lọ́jọ́ náà, àgbàlagbà dúró, kò rí nǹkan kan. Oko wa wà lókè, mo sì gbójú sókè, ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀ kedere. N kò ronú pé ọ̀nà ọ̀dà tí ó ń lọ wà nísàlẹ̀, lábẹ́ òkè, láàárín igi. Ilẹ̀ ti ṣú níbẹ̀ nígbà tí ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ mi. N kò tíì di iṣu tèmi tán tí mo fi gbọ́ ìró náà.

Ẹni tó gbá a kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kó pákó, ó ń lọ sí Kabba, kò mutí, kò sì sáré. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé Dáre sínú ọkọ̀, tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ sì wà ní gbogbo aṣọ rẹ̀. Níwájú ọsibítù, ó ń tún gbólóhùn kan náà sọ: "Mo rí ọ̀nà. N kò rí ènìyàn." Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú lọ́rùn. Mo pè é ní apànìyàn níwájú àwọn èrò. Mo mọ òótọ́ nígbà tí mò ń sọ ọ́, Tọ́pẹ́. Ìdí gan-an tí ohùn mi fi ròkè bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ọkùnrin náà ń bọ̀ léraléra. Ó ń mú ìyàwó rẹ̀ wá, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún Dáre, wọ́n ń jókòó tì í. Dáre ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó ń bá wọn ṣeré. Èmi, bí wọ́n bá kí mi, n kì í jẹ́. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò lè wakọ̀ nírọ̀lẹ́ mọ́, pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á dúró sí ibikíbi tó bá dé. Ó ti kú báyìí. N kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Dáre lọ, tòun ti ọ̀pá rẹ̀, èmi jókòó sílé, mo ní orí ń fọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ ni Dáre kò ṣe gun òrùlé mọ́. Ọmọ igi ọsàn àti ti kajú ló ń gbìn sínú ọ̀rá lẹ́yìn ilé rẹ̀, tí ó ń tà fún àwọn àgbẹ̀. O mọ̀ pé ó ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n èmi ti rí i tó ń wo àwọn tó ń kan òrùlé ilé ẹlòmíràn, ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi ojú bá wọn wọn igi. Bí mo bá rí i bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni mo máa ń gbà lọ sílé.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú péjọ, wọn kò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àkísà tèmi ni mo tẹ́ síwájú rẹ yìí, kí o fi nu ojú ọ̀nà rẹ.

Ó tó. Jẹ́ kí a wá wo iná tí o fi ránṣẹ́.

Èkíní, mọ ohun tí o fẹ́ kí iná náà ṣe. Iná kan wà tí a fi ń ríran, òmíràn wà tí a fi ń jẹ́ kí wọ́n rí wa. Èyí tó tóbi nínú àwòrán rẹ, tó ní ojú mẹ́fà bí aláǹtakùn, ti ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn biribiri ni. Ìwọ kì í rìn nínú òkùnkùn biribiri. Ó lè mú òyì kọ́ ọlọ́kadà tó ń bọ̀ níwájú rẹ, ọ̀nà yẹn sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí o fọ́ lójú kò lè yà fún ọ. Èyí tó ní oríṣiríṣi àwọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ àárín táyà, ẹwà ló wà fún. Ó ń yí bíríbírí, ọmọdé á gbádùn rẹ̀, awakọ̀ kò sì ní mọ̀ bóyá ènìyàn ló ń bọ̀ tàbí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó níwájú. Àwọn méjì kéékèèké tó jọ ara wọn, funfun kan, pupa kan, tí wọ́n fi rọ́bà dè, ìyẹn ni mo mú. O ti rí i pé èsì náà kúrú. Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ mi ló gùn.

Èkejì, funfun níwájú, pupa lẹ́yìn. Má ṣe pààrọ̀ rẹ̀ láéláé, bí ọ̀kan tilẹ̀ bàjẹ́ tí o sì rò pé kí o ṣáà fi èyí tó kù dí i. Àwọ̀ náà ni awakọ̀ fi ń mọ̀ bóyá ò ń bọ̀ wá pàdé òun tàbí ò ń lọ níwájú òun. Bí o bá gbé funfun sẹ́yìn, irọ́ ni ò ń pa fún un, ìwọ ni irọ́ náà yóò sì gbá. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo lo lè rí rà nígbà kan, pupa ni kí o rà. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú, ìwọ náà ń wò ó. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, òun nìkan ló ń wò.

Ẹ̀kẹta, ibi tí iná wà ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe tàn tó. A mọ ara wa. Àwa ará ibí kì í ti ibìkan bọ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Lónìí, ìyá aláìsàn kan á fún ọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, lọ́la, ẹnì kan á ní kí o bá òun gbé igi ìdáná dé iwájú. O kò ní lè kọ̀, wàá dì í sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹrù á sì bo iná rẹ bí adé ṣe ń bo orí. Kí o tó gbéra, bọ́ sílẹ̀, lọ sẹ́yìn, kí o fi ojú awakọ̀ wo ara rẹ. Bí o kò bá rí iná náà, òun náà kò ní rí i. Tú u, kí o so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹrù. Aṣọ iṣẹ́ rẹ tó gùn yẹn náà, ká a sókè. Mo sì tún fẹ́ kí o ní pupa kejì tí o lè fi há àpò tó wà lẹ́yìn rẹ, nítorí kẹ̀kẹ́ lè ṣubú, o lè máa tì í, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ kò ní yà kúrò lára rẹ.

Mo fẹ́ sọ ti bátìrì kí n tó gbàgbé. Àwọn tí o mú yìí, okùn tí o fi ń ṣájì fóònù ni wọ́n fi ń ṣájì wọn. Ó dára, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ iná ìjọba, ó ń wá bí àlejò tó ń bá ẹni jà. Ilé ìwòsàn yín ní sólà. Gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o máa fi í síbẹ̀ tí o bá ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wàá fi há àpò, jẹ́ kó jẹ́ oníbátìrì, kí ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú, èkejì lè wà láàyè. Má sì fi bátìrì tó ti kú sínú rẹ̀ títí òjò yóò fi lọ, á wú, omi inú rẹ̀ á sì ba ibẹ̀ jẹ́.

Ìgbàkígbà tí o bá ń ra iná, tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ná. Fi àtàǹpàkò kan tẹ̀ ẹ́, láìwò ó. Bí ó bá le jù, wàá máa sọ pé o ó tan án tí o bá dé iwájú. Fa rọ́bà rẹ̀, bí o bá rí ìlà funfun lára rẹ̀ bí ohun tó fẹ́ já, má rà á. Bi ẹni tó ń tà á bóyá ó gba omi, má gba ẹnu rẹ̀ gbọ́, bu omi díẹ̀ wọ́n ọn níwájú rẹ̀. Wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti ẹ̀yìn nìkan, nítorí ọkọ̀ ń ti inú ìyànà jáde. Àwọn kan ń ṣẹ́jú, àwọn kan ń tàn láìmira. Èyí tó ń ṣẹ́jú tètè ń pe ojú, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti fi mọ bí o ṣe jìnnà tó. Jẹ́ kí ti kẹ̀kẹ́ máa tàn gbọnin, kí ti àpò máa ṣẹ́jú. Mo ti pa iye kíkà tì, mo rí i. Bóyá ibí ni ẹ̀kẹfà tàbí èkeje, bá mi kà á.

Tí ó bá sì ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Mo mọ ìdílé wa. Ìyá rẹ ní abọ́ tí a kò tíì jẹun nínú rẹ̀ láti ìgbà tí o wà ní ọmọ ọwọ́. Má jẹ́ kí n wá bá iná náà nínú ọ̀rá rẹ̀ nínú àpótí, kí o ní ò ń dúró de ìgbà tí èyí tó wà níta bá bàjẹ́. Ìgbà òjò, ìgbà ọyẹ́, àárọ̀ tí ìkúùkù bá bo òkè, tan án. Nu ojú rẹ̀, eruku ọyẹ́ ń bo iná bí ó ṣe ń bo ojú fèrèsé. Kí o má sì rò pé nítorí pé o tanná, gbogbo ènìyàn ti rí ọ. Máa fetí sílẹ̀, má fi nǹkan dí i, bí o bá sì gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ kíkan, bọ́ sínú koríko. Koríko kì í bú ènìyàn.

Èyí tó wà lókè ọkàn mi jù nìyí: iná rẹ kì í ṣe tìrẹ nìkan. Ti awakọ̀ náà ni. Ọkùnrin tó kó pákó yẹn kò jí lówùúrọ̀ ọjọ́ náà láti ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Iná tí mo pa, mo pa á mọ́ òun náà lójú, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ dé sàréè. Bí mo bá tún rí i, n ó kí i kí ó tó kí mi. N kò lè rí i mọ́. Tanná fún àwọn tí o kò mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ọ́ ṣe ohun tí yóò máa lá lálàá.

Ó kù ọ̀kan. Kì í ṣe èmi ni mo ni ín, Dáre ló ni ín.

Lẹ́yìn tí o fi àwòrán wọ̀nyẹn ránṣẹ́, mo lọ sí ọjà lọ́jọ́ kejì, mo wá irú àwọn tí mo mú fún ọ, mo tẹ bọ́tìnnì títí ẹni tó ń tà á fi bi mí bóyá mo fẹ́ rà tàbí mo fẹ́ ṣeré. Mo rà wọ́n, mo kó wọn lọ sílé Dáre nírọ̀lẹ́. Mo ní kó bá mi dán wọn wò, nítorí pé ìwọ ló fẹ́ lò wọ́n. Ó gba pupa náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Èyí dáa ju tèmi lọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa dárúkọ iná náà. Gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ nínú mi láti sọ fún un ló fò lọ. Mo ṣáà ní, "Dáre, èmi ni mo pa á."

Ó ń bu omi sí àwọn ọmọ igi rẹ̀, ó bu omi sí èyí tó kù, ó gbé agolo sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ibi tí bọ́tìnnì wà. Nígbà tí mo kọjá ìyànà, tí ẹ kò rí mi mọ́, mo rí i pé ilẹ̀ ti ṣú nísàlẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i. Mo tún fà á padà, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀."

Tọ́pẹ́, mo ti rò pé mo mọ gbogbo ìwọ̀n ẹ̀bi mi. N kò mọ̀ pé ọmọ yẹn na ọwọ́ sí i. Lẹ́yìn mi, níbi tí n kò ti lè rí i, ó ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Bí a ṣe tọ́ wọn nìyẹn, bí a ṣe tọ́ ìwọ náà nìyẹn, mo sì máa ń fi yangàn láwùjọ pé àwọn ọmọ mi ń gbọ́ràn. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ó jẹ́ kí n sun ún. Lẹ́yìn náà ló ní kí n dìde, pé ṣebí iná ni a wá dán wò, pé bí a bá jókòó pẹ́ jù, adìẹ á wọlé.

Nítorí náà, ọmọ mi, gbọ́ èyí dáadáa, nítorí o kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mìíràn ní gbogbo Kabba. Nínú ọ̀rọ̀ iná yìí, má gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí ọ̀gá rẹ bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, tan án. Bí àgbàlagbà kan bá dá ọ dúró lọ́nà pé ò ń fi bátìrì ṣòfò, kúnlẹ̀ kí i, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì jẹ́ kó máa tàn. Bí mo bá darúgbó tán tí mo wá kí ọ, tí mo sì gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, tí mo ní kí o pa á, má dá mi lóhùn. Kì í ṣe àfojúdi. Èmi ni mo rán ọ.

Dáre há pupa náà mọ́ ẹ̀yìn bẹ́líìtì rẹ̀, ó tan án, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Ó ní kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé òun, kí n máa wò ó. Oòrùn ti wọ̀ sẹ́yìn òkè, ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ kedere gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí lọ́jọ́ náà. Aṣọ rẹ̀ kọ́kọ́ pòórá, lẹ́yìn náà ọ̀pá, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀. Iná náà kò pòórá.

Ó dé ibi ìyànà, ó dúró, ó pè mí láti ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń rí mi?"

Mo ní, "Mo ń rí ọ."

Ó tún béèrè, mo tún dáhùn. N kò mọ iye ìgbà tí a sọ ọ́. Nínú àgbàlá lẹ́yìn mi, àwọn adìẹ rẹ̀ ṣì ń jẹ̀.

Àwọn iná náà wà nínú àpò tí awakọ̀ yóò gbé fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, funfun kan, pupa méjì. Mo ti ṣájì àwọn tó ń gba ṣájà, mo sì ti fi bátìrì sínú ti àpò. Ìyá rẹ fi gààrí àti ilá gbígbẹ kún un, ó ní kí o má fún gbogbo ènìyàn tán. Dáre kí ọ. Ó ní ọmọ igi ọsàn kan wà tí òun ń tọ́jú fún ẹ̀yìn ilé rẹ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ lò wọ́n, má pè mí lẹ́yìn tí o bá délé. Pè mí kí o tó gbéra. Sọ fún mi pé ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀, pé àwọn ènìyàn ń wò ọ́, pé o sì ti tan án.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ń wo ojú ọ̀nà.